Ojú Ìwé Kẹtàdínláàádọ́ta

Bíìrò pupa ni gbogbo wa fi mọ Kọ́mà. Olùkọ́ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi, òun ló sì ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àwọn tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an mọ́ àfi lójú rẹ̀. Bí o bá gbé iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ bá a, kò ní kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni yóò ṣí lọ tààrà, níbi tí o to àwọn ìwé tí o tọ́ka sí sí, yóò sì máa fi ẹnu bíìrò ṣà á bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Kọ́mà tó bá sá, yóò rí i. Fúlúsítọ́ọ̀pù tó bá jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò lé e dìde. Bí lẹ́tà àkọlé ìwé kò bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe yẹ kó fì, yóò fa ìlà pupa sí i nídìí títí bébà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Èmi ni mò ń tẹ iṣẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà kan ni mo ní, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó máa ń wúkọ́ kó tó ṣiṣẹ́, àti àga mẹ́ta fún àwọn tó ń dúró. Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ni ìwé ìtàn tí mo bá yá máa ń wà. Bóyá ibẹ̀ ni àrùn mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń tẹ iṣẹ́ ẹnìkan, tí mo rí ìpínrọ̀ tó kú sílẹ̀ bí ẹja orí yìnyín, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, á máa ṣe mí bíi kí n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ọwọ́ yíyún yẹn ló kó bá àǹtí mi.

Àǹtí mi ni àbúrò tó tẹ̀ lé ìyá mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan láìní ìwé ẹ̀rí kankan. Nígbà tí ọ̀gá iléèwé náà fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sọ fún àǹtí mi pé òun ni ipò kàn, bó bá lè mú ìwé ẹ̀rí wá kí sáà tuntun tó wọlé. Bí kò bá lè mú un wá, obìnrin kan wà tó ń kọ́ kíláàsì kejì, tó ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, tó sì ti ń fi ojú wọn kọ́tìnnì ọ́fíìsì náà. Báyìí ni àǹtí mi ṣe padà sí kíláàsì lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ohun tó yàn láti ṣèwádìí lé lórí ni ìdí tí ọmọdé fi ń purọ́.

Nígbà tí mò ń tẹ orí kejì iṣẹ́ rẹ̀, mo kan gbólóhùn tó fi parí rẹ̀: "Ọ̀pọ̀ ìdí ló wà." Mo wò ó títí. Ìdí wo? Mo wá rántí ọ̀rọ̀ kan tí ìyá àgbà, ìyá tó bí àǹtí mi àti ìyá mi, sọ lọ́jọ́ tí ọmọ aládùúgbò wa fọ́ ife. Mo fi sí i: "Ọmọ tí a bá nà nítorí òótọ́, irọ́ ni yóò fi bora." Mo fi àmì ọ̀rọ̀ ẹnu sí i lọ́tùn-ún lósì, kó lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni ńlá. Àǹtí mi kò tilẹ̀ rí i.

Kọ́mà rí i.

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n máa gba iṣẹ́ wọlé kẹ́yìn ni àǹtí mi wọ ṣọ́ọ̀bù, tó na bébà náà sí mi.

"Wá wo nǹkan o. Kọ́mà yìn mí!"

Lóòótọ́ ni. Bíìrò pupa ti kọ ọ́ gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà: Ó DÁRA GAN-AN! Lábẹ́ rẹ̀ ló wá kọ pé: Ta ló sọ ọ́? Ọdún wo? Ojú ìwé kelòó?

"Ẹ kú oríire, àǹtí."

"Oríire wo? Mi ò rántí pé mo kọ ọ́ rárá. Ó ní láti jẹ́ pé inú ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí mo yá ní láíbìrì ni mo ti dà á kọ. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì. Ìwọ tó o máa ń ka ìwé káàkiri, bá mi wá ẹni tó ni ín."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi tiẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ bàtà, ó ti na ẹsẹ̀ tó wú sórí àga kejì, ó ti di ojú. Mo wò ó, mo wo aago. Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà, mo sì bí ìwé kan.

Alábẹ́rẹ́, I. A. (1974). Ẹnu Ọmọdé. Ilé Ìtẹ̀wé Òwú Dúdú. Ojú ìwé 47.

Aránṣọ ni ìyá àgbà kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì, Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é di òní. I. A. ni Ìyá Àgbà. 1974 ni ọdún tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ní ti ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta, n kò mọ ibi tó ti wá. Ó kàn jọ ojú ìwé tí ènìyàn ti máa ń bá ọ̀rọ̀ gidi pàdé. Kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ti rí ìwé náà lójú inú mi: kékeré ni, èèpo rẹ̀ búlúù, ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún péré, ẹni tó sì yá a kẹ́yìn ti da tíì sí igun rẹ̀.

Àǹtí mi la ojú, ó kà á. "Alábẹ́rẹ́? Bíi màmá wa?"

"Orúkọ máa ń jọra, mà."

"Ó tún ń sọ̀rọ̀ bíi màmá wa." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. "Àṣé ohun tí màmá ń fi ń dá wa lágara nílé, àwọn kan ti ń tẹ̀ ẹ́ síwèé!"

Kọ́mà gbà á láìjanpata. Gbogbo kọ́mà ló wà ní ìjókòó, gbogbo fúlúsítọ́ọ̀pù ló wà ní ìdúró. Ó fa àmì pé ó tọ́ sí i, gìrìwò bí ìwọ ìpẹja.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kọ́mà fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé ìwé tó fi ọwọ́ kọ dání.

"Atẹ̀wé, tèmi fúnra mi nìyí o. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ mi fẹ́ gbé e jáde. Jímọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Má fi kọ́mà mi ṣeré."

"Ta ni mí, sà?"

Ó jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn. Èmi ń tẹ̀ lọ jẹ́jẹ́ títí mo fi dé ojú ìwé kẹfà, tí mo rí i pé: "Gẹ́gẹ́ bí Alábẹ́rẹ́ (1974, ojú ìwé 112) ti sọ nínú ìwé rẹ̀ tó gbajúmọ̀, èyí tí mo ti ń kà láti ìgbà èwe mi..."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé tí mo bí ní ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ti dàgbà lẹ́yìn mi. Mo ki etí gèlè bọ ẹnu.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ni, sà. Ó ń wúkọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí. Mo sì fi èyí tó fi ọwọ́ kọ sínú fáìlì, nítorí mi kì í da ojúlówó iṣẹ́ ènìyàn nù títí wọ́n á fi sọ pé èyí tí mo tẹ̀ ti tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ká sọ òótọ́, mo tún ń ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí inú mi ò bá dùn.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì ni àǹtí mi lọ dúró níwájú àwọn tó máa dán an wò. Mo ti ra bisikíìtì sílẹ̀ dè é. Ṣe ló já wọlé bí ẹni tí ajá ń lé.

"Ìwé dà?"

"Ìwé wo, mà?"

"Ìwé Alábẹ́rẹ́! Ìyá kan wá láti yunifásítì mìíràn láti dán wa wò. Gbogbo ohun tó bi mí ni mo dáhùn, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tó ṣí ẹ̀yìn iṣẹ́ mi. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun ti fi ń ka ohun tí wọ́n kọ lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, òun ò rí ìwé yìí rí. Ó ní kí n gbé e wá ní aago mẹ́wàá ọ̀la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní fọwọ́ sí i. Ọdún tó ń bọ̀ ni màá tún padà wá!"

"Kọ́mà ńkọ́?"

"Kọ́mà ló gbèjà mi. Ó ní òun mọ ìwé náà bí ẹní mowó, pé èèpo rẹ̀ àwọ̀ ewé ni."

"Búlúù ni," ni mo sọ kí n tó bojú wẹ̀yìn.

Àǹtí mi wò mí. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún bá ọmọ ọdún mẹ́ta gbé mọ ojú ẹni tó ti fọwọ́ kan ṣúgà inú agolo. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó jókòó, ó sì lo ohùn pẹ̀lẹ́ tó máa ń lò fún wọn.

"Sọ fún àǹtí. Níbo ni ìwé náà wà?"

"Kò sí níbì kankan, mà."

"Ta ni Alábẹ́rẹ́?"

"Màmá yín ni, mà."

Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì wúkọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Màmá mi. Tí kò lè ka nọ́ńbà ilé tó ń gbé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O mú màmá mi jókòó, o sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé láti ọdún 1974!" Ó dìde, ó tún jókòó. "Èmi tí mo kọ odindi ìwé lórí irọ́! Mò ń wá onírọ́ kiri láàárín ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀gá wọn wà nínú ẹbí mi, ó ń tẹ̀wé fún mi!"

"Ẹ bú mi sí i, àǹtí. Ó tọ́ sí mi."

Kò bú mi mọ́. Ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀. "Obìnrin kíláàsì kejì yẹn ti ra kọ́tìnnì. Mo rí i nínú ọ̀rá lẹ́sẹ̀ tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Èébú kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì yẹn. Mo mú fáìlì Kọ́mà, mo sì sọdá títì.

Ọ́fíìsì rẹ̀ há, ìwé kún ibẹ̀ dé àjà. Àga àlejò kan wà níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jókòó sí i, nítorí náà mo dúró.

"Ẹ káàsán, sà. Ìwé Alábẹ́rẹ́ ni mo wá yá. Àǹtí mi gbọ́dọ̀ gbé e lọ lọ́la, wọ́n sì ní ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Háà, ìwé yẹn." Ó wo àjà. "Ilé ló wà."

"Màá tẹ̀ lé yín délé, sà."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Àna mi ló yá a."

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà wọn, màá pè wọ́n."

"Wọ́n ti rìnrìn àjò."

"Pẹ̀lú ìwé náà?"

"Wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà," ó ní, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ parí.

Mo ṣí fáìlì, mo fi ìka sí ojú ìwé kẹfà. "Ojú ìwé kejìléláàádọ́fà lẹ kọ síbí, sà. Ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún péré ni ìwé náà ní."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo bí i."

Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bíìrò pupa yí kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Inú iṣẹ́ àǹtí rẹ ni mo ti rí i," ó sọ níkẹyìn. "Ojú tì mí láti kọ pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mo ti rí i. Mo wá wò ó pé bí àwa méjèèjì bá ní ojú ìwé kan náà, wọ́n á mọ̀ pé mo wò ó lára rẹ̀ ni."

"Lẹ bá fún un ní òmíràn."

"Kejìléláàádọ́fà dára lójú mi."

"Ọ̀túnla ni Jímọ̀ọ́ tí iṣẹ́ yín máa lọ, sà."

"Mo mọ ọjọ́ Jímọ̀ọ́!" Ó fi ọwọ́ nu iwájú orí. "Ìyá àgbà yìí, ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà nílé, wọ́n ń bá rédíò jiyàn."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí etí rẹ̀ ti ká kò. Ìwé òfin rẹ̀ ni, èyí tó fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ènìyàn náà ní bí a ṣe ń kọ ọ́. Orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí a ti gbọ́ ọ, ọjọ́ tí a gbọ́ ọ. Ọdọọdún ni mò ń kọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ojú ìwé ni gbogbo wọn ń wá."

"Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Látọjọ́ yìí. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Ẹ̀rù bíìrò yín ni, sà."

Ní aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀, a di ìyá àgbà lápá lọ́tùn-ún lósì, a ń gun àtẹ̀gùn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó wọ súwẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ kọ ìwé, mà."

"Àwọn wo?"

Bí ìyá àgbà ṣe rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè gbé "wọ́n ní" wọ ilé wa kó má béèrè olówó rẹ̀. Bí o bá ní wọ́n sọ pé òjò máa rọ̀, yóò béèrè ẹni tó sọ ọ́, àti ibi tí ẹni náà dúró sí nígbà tó wo ojú ọ̀run.

Olùdánwò náà jókòó nídìí tábìlì gígùn kan, ìgò ojú rẹ̀ so mọ́ ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn. Kọ́mà wà nígun, ó kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àǹtí mi kò dúró kí wọ́n bi í.

"Ìwé náà kò sí, mà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi tẹ iṣẹ́ ló fi sí i, èmi ò sì wádìí rẹ̀. Orúkọ mi ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà ni mo mú wá. Màmá mi ni."

Olùdánwò wo ìyá àgbà, ó sì ka gbólóhùn náà sókè fún un. "Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ èyí, mà?"

"Rárá," ni ìyá àgbà wí.

Àǹtí mi di ojú.

"Ọmọ yìí gé e kúrú. Ohun tí mo sọ ni pé ọmọ tí a bá nà nígbà tó sọ òótọ́ á kọ́ irọ́, èyí tí a kò nà rárá náà á kọ́ ọ, bó bá ń wo ẹnu àgbà. Àbọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe tèmi. Ìyá ọkọ mi ló sọ ọ́ fún mi lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi, a jọ ń ṣa ẹ̀wà nígbà náà. Ó ní lẹ́nu ìyá òun lòun ti gbọ́ ọ. Àbọ̀ kejì ni tèmi. Ojú mi yìí ni mo fi rí i."

Olùdánwò ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. "Ó kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lè ṣe, mà. Wọn kì í ya tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlòmíràn." Ó yí sí igun. "Ọ̀gá, lánàá ẹ sọ pé ẹ ti rí ìwé yìí. Ẹ ní èèpo rẹ̀ àwọ̀ ewé."

Ìyá àgbà wo Kọ́mà, ó wo súwẹ́tà ara rẹ̀.

"Kí ló wá burú níbẹ̀? Èmi ni ìwé, èèpo mi nìyí. Ojú rẹ̀ ló ríran jìnnà."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Kọ́mà. Ìyá àgbà ti ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó kù kó gba ibẹ̀ sá lọ. Ṣùgbọ́n ó dìde dúró. "Mi ò rí ìwé kankan, mà. Ojú ló tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi."

"Ẹnu àgbà," ni ìyá àgbà wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ojú ìwé tirẹ̀.

Olùdánwò bọ́ ìgò ojú, ó nù ún. "Bí mo bá já obìnrin yìí kulẹ̀ lórí òótọ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ, èmi gan-an ni ìyá yìí ń bá wí nìyẹn. Aago méjì ni ọkọ̀ mi máa gbéra. Ẹ tún un kọ bó ṣe sọ ọ́, ẹ tọ́ka sí i bó ṣe yẹ, ẹ̀dà márùn-ún. Bí mo bá sì rí ojú ìwé kankan lẹ́yìn orúkọ màmá yìí, màá ya á."

Nígbà tó máa fi di aago kan, ṣọ́ọ̀bù mi ti kún. Ìyá àgbà wà lórí àga kìíní, ó ń pè é fún mi. Olùdánwò wà lórí àga kejì, ó ti ṣí kálámù sílẹ̀. Àǹtí mi dúró ti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má wúkọ́ lónìí. Kọ́mà wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀ lápá, ó ń dúró kó lè kàn án.

"Ìyá Alábẹ́rẹ́," mo ń kà á bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, "ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, aránṣọ, nílé rẹ̀..."

"Kọ ìyá ọkọ mi náà," ni ìyá àgbà wí.

"Mo ti kọ wọ́n, mà."

"Àti ìyá tirẹ̀?"

"Àwọn náà ti wà níbẹ̀."

"Kọ ẹ̀wà tí à ń ṣà."

"Màmá!" ni àǹtí mi ké.

"Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́," ni olùdánwò wí. "Ibi tí a ti gbọ́ ọ nìyẹn."

Kọ́mà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó na bíìrò pupa kọjá èjìká mi. "Kọ́mà kan sá níbẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ orí wọn."

Mo fi sí i. Ìyá àgbà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó fún ojú pọ̀. "Kí ni nǹkan kékeré yẹn?"

"Àmì pé kí ẹni tó ń kà á mí díẹ̀ ni, mà," ni Kọ́mà wí.

"Lẹ́yìn ọjọ́ orí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fi méjì sí i. Arúgbó ni mí."

Mo fi méjì sí i. Kọ́mà wò ó, ó wo ìyá àgbà, ó sì ki bíìrò rẹ̀ bọ àpò. Olùdánwò náà ka kọ́mà méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú rẹ̀ fi já bọ́ sí àyà. Lẹ́yìn náà ló bu ọwọ́ lù ú, lẹ́ẹ̀marùn-ún, lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí mi gbé ẹ̀dà tirẹ̀ mọ́ àyà.

"Kọ́tìnnì tí obìnrin yẹn rà," ó ní, "ó mà dára o. Màá bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fi kọ́."